Ṣé Jarome Iginla gba Stanley Cup (ife-ẹ̀yẹ NHL, líìgì họ́kì tó ga jù ní Kánádà àti Amẹ́ríkà) rí, báwo sì ni iṣẹ́ rẹ̀ nínú họ́kì orí yìnyín ṣe lọ?

Rárá, kò gbà á títí ó fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 2018. Ó sún mọ́ ọn gidigidi ní 2004, nígbà tí Calgary Flames, ikọ̀ tí ó jẹ́ balógun fún, pàdánù àṣekágbá sọ́wọ́ Tampa Bay Lightning nínú eré keje tó jẹ́ ìkẹyìn.

Edmonton ní Kánádà ni wọ́n bí i sí ní 1977. Ọmọ Yorùbá láti Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, orúkọ ìdílé wọn kò sì ju “igi ńlá” lọ, bí etí Yorùbá yóò ti tètè gbọ́ ọ. Dallas Stars ló kọ́kọ́ yàn án ní 1995, ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí ni wọ́n ti fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún Joe Nieuwendyk, agbábọ́ọ̀lù họ́kì ti Calgary, níbi tí ó ti ṣe wíńgà apá ọ̀tún títí di 2013.

Sáà 2001–02 ni mo kà sí èyí tí ó dára jù: ó jẹ góòlù 52, tí ẹnikẹ́ni kò jẹ tó bẹ́ẹ̀ ní NHL lọ́dún náà, ó sì tún jẹ méjì nínú àṣekágbá Òlíńpíìkì tí Kánádà fi na Amẹ́ríkà. Ní Òlíńpíìkì 2010, òun ló gbé páàkì (ohun tí wọ́n ń gbá nínú họ́kì) fún akẹgbẹ́ rẹ̀, Sidney Crosby, tí ìyẹn fi jẹ góòlù tó fún Kánádà ní wúrà.

Lẹ́yìn Calgary, ó ṣeré fún Pittsburgh, Boston, Colorado àti Los Angeles. Góòlù 625 ló jẹ nínú eré NHL 1,554, wọ́n sì yàn án sínú Hockey Hall of Fame, ibi tí wọ́n ti ń bu ọlá fún àwọn akọni họ́kì, ní 2020.