Parameter Ń Pọ̀ Sí I Nínú Function Kan Ṣoṣo

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń tọ́jú kóòdù Python tó ń tẹ rìsíìtì fún ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan ní Gbági. Parameter (ohun tí function ń gbà wọlé) mẹ́ta péré ni function te_risiti ní níbẹ̀rẹ̀: onibara, eru, iye. Ó ti di mẹ́fà báyìí, Pylint (irinṣẹ́ tó ń yẹ kóòdù Python wò) ti ń bá mi wí, wọ́n tún ní kí n fi owó ọkọ̀ kún un. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?
Olùkàwé, Bódìjà, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì fi owó ọkọ̀ sí i. Pé wọ́n lé ní 5 ni Pylint ń wí, àmọ́ bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra wọn ló léwu jù. Ẹ wo ìlà yìí:

te_risiti("Alhaja", "ankara", 6, 500, True, False)

Ta ló máa mọ̀ pé 500 ni ẹ̀dínwó, True ni VAT, False ni SMS? Bí ẹ bá ti owo_oko bọ àárín, ṣáájú edinwo, 500 tó yẹ kí ẹ yọ fún Alhaja á di owó ọkọ̀ tí ẹ gbà lọ́wọ́ wọn. True á bọ́ sórí edinwo, ẹ̀dínwó á wá di náírà 1, torí 1 ni True lójú Python. False á pa VAT rẹ́. Bí sms bá ti ní =False tirẹ̀, kò ní sí error kankan o! Rìsíìtì á jáde, owó á sì ṣì.

Ẹ kọ́kọ́ fi grep -rn "te_risiti(" . wá gbogbo ibi tí wọ́n ti pè é. Ẹ fi orúkọ sí ohun tí wọ́n fún un níbẹ̀: edinwo=500, vat=True. Ẹ dán an wò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ fi ìràwọ̀ (*) sí i:

def te_risiti(onibara, eru, iye, *, edinwo=0, vat=True, sms=False):

Láti ìgbà náà lọ, ẹni tó bá fún un ní ohun tó wà lẹ́yìn ìràwọ̀ láìkọ orúkọ rẹ̀ yóò rí TypeError. owo_oko=0 lè wá wọlé síbikíbi lẹ́yìn ìràwọ̀; bí ẹ bá gbàgbé =0 yẹn, gbogbo ìlà àtijọ́ ló máa dẹnu kọlẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú **kwargs, tó ń gba orúkọ yòówù wọlé. A ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹni tó bá ṣèèṣì tẹ edinwoo=500, á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, oníbàárà á sì san owó pé.

Owó ọkọ̀ wọlé tán, wọn á béèrè àdírẹ́sì, lẹ́yìn náà nọ́ńbà fóònù. Ẹ yára sọ onibara di dataclass (class tó ń kó dátà pọ̀ sójú kan) tó ní oruko, foonu àti adiresi. Nínú function, onibara.oruko ni ẹ máa kọ. Láti Python 3.10, ẹ lè fi kw_only=True sí dataclass náà, kí ó di dandan láti kọ orúkọ níbẹ̀ náà. Ní ti sms, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn: ẹ yọ ọ́, kí ẹ kọ fi_sms_ranse(onibara) lọ́tọ̀.