Kí ló dé tí Áńgílíkà fi ń gbàdúrà láti inú ìwé?

Ìbéèrè: Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń lọ sí ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé àdúrà kíkà ni tiwa, pé Ẹ̀mí Mímọ́ kì í ka ìwé. Wọ́n ní òyìnbó ló kó gbogbo rẹ̀ bá wa: ìwé, aṣọ funfun, dìde-jókòó. Kí gan-an ló wá ń jẹ́ Áńgílíkà lóde òní?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti òyìnbó. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Ìwé Àdúrà ti ṣẹ̀. Thomas Cranmer, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury, ló gbé àkọ́kọ́ jáde ní 1549; ti 1662 ni gbogbo ayé sì ń tọ́ka sí títí dòní. Àmọ́ kí Cranmer tó gbé e jáde, Látìnì ni àlùfáà fi ń sìn, ará ìjọ kàn ń wò ó ni. Cranmer fẹ́ kí àgbẹ̀ àti alágbẹ̀dẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe Àmín sí. Nínú ẹ̀kọ́ 39 tí ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ìdí ìgbàgbọ́ rẹ̀ múlẹ̀, ìkẹrìnlélógún sọ pé ó lòdì sí Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kí a máa gbàdúrà nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní èdè tí àwọn èèyàn kò gbọ́. Lójú tèmi, ìsìn Yorùbá ni ìsìn Áńgílíkà àtijọ́ nílẹ̀ wa. (Ìsìn Gẹ̀ẹ́sì tí a ń ṣe fún ọmọ tó ń sọ Yorùbá nílé, ìyẹn ni n kò tíì mọ ẹni tí a ń ṣe é fún.)

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìn-ín-ní 1844, ní Freetown ní Sierra Leone, Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoogùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, wàásù ní Yorùbá fún àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú bíi tirẹ̀. Nígbà tó parí, "Kí ó ṣẹ" ni wọ́n fi dá a lóhùn. Kò sí ẹni tó ní láti kọ́ wọn. Níbi ìwúre Yorùbá, ẹni tó ń wúre kì í dá a ṣe. Bí agbo kò bá dáhùn, ó dúró ni. Ìwé Àdúrà bá ìwà yẹn nílẹ̀. Ní nǹkan bí 1850, Crowther ti ń tú u sí Yorùbá, nígbà tí Bíbélì lódidi kò tíì jáde títí di 1884. Ìdí nìyẹn tí ìyá àgbà tí kò mọ̀wé fi lè ka "Ọkàn mi yin Olúwa lógo", orin Màríà, délẹ̀ láìwo ibì kankan.

Àlùfáà ní, "Olúwa kí ó wà pẹ̀lú yín." Ìjọ ní, "Kí ó sì wà pẹ̀lú ẹ̀mí rẹ." Ìsìn náà kò sí níkàáwọ́ ẹnì kan. Bíṣọ́ọ̀bù kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé òun ti ṣìnà bí àgùntàn tó sọnù. Ọmọ iléèwé tó kúnlẹ̀ lẹ́yìn ńbẹ̀ yẹn, ohun kan náà ló wí. Ti pé Ẹ̀mí kì í ka ìwé, ẹ fetí sí àdúrà àwọn ọ̀rẹ́ yín fún oṣù kan, ẹ ó rí i pé àwọn náà ní gbólóhùn tí wọn kì í yí padà. Wọn ò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Ẹ wo àwọn tó bínú kúrò. Ní Èkó, ní 1891 àti 1901, àwọn ọmọ ìjọ C.M.S., ìyẹn ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yapa, wọ́n dá ìjọ aláwọ̀ dúdú sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ta ni yóò ṣe olórí wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyàwó púpọ̀ náà wà níbẹ̀. Wọ́n fi bíṣọ́ọ̀bù òyìnbó sílẹ̀, wọ́n gbé Ìwé Àdúrà dání lọ. Ní 2005, ìjọ Áńgílíkà Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ṣe irú ẹ̀. Nígbà tí àríyànjiyàn le lórí bí wọ́n ṣe fi ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin gbé jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Amẹ́ríkà ní 2003, ìjọ wa yọ Canterbury, ibùjókòó Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kúrò nínú òfin rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n ẹni tí a bá wà ní ìdàpọ̀, ó sì fi Ìwé Àdúrà 1662 àti ẹ̀kọ́ 39 yẹn sípò rẹ̀. Ohun tí Áńgílíkà ń jẹ́ lábẹ́ òfin ìjọ wa lónìí nìyẹn: ìwé ni, kì í ṣe ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ó wá ń yà mí lẹ́nu pé àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ń fi 1662 yangàn ní sínọ́ọ̀dù, ìpàdé ńlá ìjọ, kì í ṣí i lọ́jọ́ Ìsinmi.

Aṣọ funfun kò le. Àwọn Aládùúrà ń wọ̀ ọ́, kò sí ẹni tó pè wọ́n ní òyìnbó. Orin ni òyìnbó ti ṣe wá léṣe lóòótọ́. Wọ́n ki ọ̀rọ̀ Yorùbá bọ inú ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì, àmì ohùn dàrú, ìtumọ̀ sì bá a lọ. Àwọn Áńgílíkà náà wà lára àwọn tó tún un ṣe. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta kọ orin tó bá ohùn wa mu sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, T. K. E. Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní kàtídírà Christ Church l'Ékòó, kọ odindi ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1953. Nítorí náà ìlù àti orin ìyìn tí àwọn ọ̀dọ́ ń bèèrè kò ba nǹkan kan jẹ́. Àmọ́ bí àkókò bá kúrú, orin ìyìn ni kí wọ́n gé, kí wọ́n má fọwọ́ kan ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀.