Èrè tòótọ́ àti ilẹ̀ tó ń gbé e: bí a ṣe ń wọn iṣẹ́ ẹran sísìn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ ní ewúrẹ́ 20 àti adìyẹ ẹyin 300 lẹ́bàá Kétu ní ilẹ̀ Benin, àti pé àwọn tó fẹ́ yá yín lówó ní kí ẹ fi hàn lórí ìwé pé iṣẹ́ náà ń pawó, pé kò sì ba ilẹ̀ jẹ́. Ẹ tún béèrè bóyá kí ẹ fi ẹlẹ́dẹ̀ kún un. Àwọn tó dáhùn ṣáájú mi ní kí ẹ kọ owó tó wọlé àti owó tó jáde sílẹ̀. Ìyẹn dára, àmọ́ kò tó. Ìwé owó nìkan lè máa sọ pé èrè ń bẹ, kó sì jẹ́ pé ojú owó lẹ ń jẹ: ìyá ẹran, ilé adìyẹ, koríko, ilẹ̀. Ẹ ka ohun tó wà nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí ẹ tún un kà ní ìparí, kí ẹ tó sọ pé ẹ jèrè.

Ẹ wo ewúrẹ́. Ká ní ọdún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 20, tí ọjà yóò ra gbogbo wọn ní 500,000 sẹfà. Wọ́n bí 8, ẹ ta 9 ní 225,000, 5 kú, ẹ sì ná 40,000 sórí iyọ̀, oògùn àti okùn. Ìwé owó yóò ní èrè jẹ́ 185,000. Ṣùgbọ́n 14 ló kù, ọmọ ló sì pọ̀ nínú wọn, ọjà ò ní san ju 330,000 lórí wọn. Agbo ti fi 170,000 dín. Èrè tó kù jẹ́ 15,000, a ò sì tíì san owó ọmọ tó ń dà wọ́n. Iye tí mo lò yìí, ti ìṣirò lásán ni. Ẹ fi ti ọjà yín rọ́pò rẹ̀. Èyí tí ẹ pa jẹ nílé tàbí tí ẹ fi ta ẹbí lọ́rẹ, ẹ kọ ọ́ bíi pé ẹ tà á.

Ibi tí ìwé yìí ti sábà máa ń bàjẹ́ ni ikú, torí kò sẹ́ni tó ń fẹ́ kọ ọ́. Márùn-ún nínú 28 jẹ́ ìdá 18 nínú 100, owó ńlá sì nìyẹn. Ẹ kọ oṣù tó kú, bó ṣe dàgbà tó, àti àmì àìsàn tí ẹ rí. Bí ikun bá ń dà nímú, tí egbò wà lẹ́nu, tí ìgbẹ́ sì di omi, àrùn PPR, àjàkálẹ̀ àrùn ewúrẹ́ àti àgùntàn, ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí, kẹ́ ẹ pe dókítà ẹran. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ń dáàbò bo ẹran fún ó kéré tán ọdún 3. Àmọ́ àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn tí dókítà lọ kò sí nínú àwọn tí ó gún ní abẹ́rẹ́, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó máa padà wá lọ́dọọdún fún àwọn ọmọ. Ẹ rí i pé inú yìnyín ni abẹ́rẹ́ náà wà títí dé ẹnu ọ̀nà agbo yín, torí ooru ń pa á.

Ti adìyẹ ló gba ìṣirò jù, nítorí ojoojúmọ́ lowó ń wọlé, ìyẹn ló sì ń tan ni. Adìyẹ ẹyin kan ń jẹ nǹkan bíi 115 gíráàmù lóòjọ́. Adìyẹ 300 yóò jẹ 34.5 kílò. Bí kílò oúnjẹ bá jẹ́ 280, owó oúnjẹ òòjọ́ jẹ́ 9,660. Bí páálí ẹyin kan, ẹyin 30, bá ń tà ní 2,000, ẹyin kan jẹ́ nǹkan bíi sẹfà 67. Ẹyin 145 ni yóò san owó oúnjẹ: ìyẹn ni pé kí adìyẹ 48 nínú 100 yé lọ́jọ́ kan. Níbí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dúró, tí wọ́n á ní àwọn ti rékọjá gbèsè.

Wọn ò tíì rékọjá. Adìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa yé, ká ní 3,500 lẹ rà á. Lẹ́yìn ọdún kan tó ti yé tán, 2,000 lẹ tà á. Ó ti sọ 1,500 nù. Fún 300, ó jẹ́ 450,000 lọ́dún, ìyẹn 1,233 lóòjọ́. Owó ẹni tó ń tọ́jú wọn, 1,000, kódà bó jẹ́ ọmọ yín. Oògùn, omi àti iná, 500. Ilé adìyẹ tó gba 600,000 tí yóò lo ọdún 10, ó ń jẹ 164 lóòjọ́. Ẹ ro ó pọ̀ mọ́ oúnjẹ: 12,557. Ẹyin 189 ló tó san ìyẹn, ìdá 63 nínú 100. Láàárín 48 sí 63 yìí, owó á máa wà lápò yín lójoojúmọ́, ilé àti adìyẹ á sì máa gbó láìsí ohun tí ẹ ó fi pààrọ̀ wọn. Ọjọ́ tó bá yẹ kẹ́ ẹ ra adìyẹ tuntun lẹ máa tó mọ̀.

Bí ẹ bá ń ṣírò ẹyin, ẹ fi iye adìyẹ tó wà láàyè lónìí pín in láti mọ̀ bóyá oúnjẹ àti omi dára. Ṣùgbọ́n ẹ fi 300 tí ẹ kọ́kọ́ kó wọlé pín in láti mọ̀ bóyá ẹ lè san gbèsè, torí owó èyí tó kú ṣì wà lọ́rùn yín. Àwọn ayánilówó tó mọṣẹ́ yóò béèrè èkejì yìí. Ẹ má sì bu oúnjẹ kún ọpọ́n ju ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan lọ. Èyí tí wọ́n fi àgógó dà sílẹ̀ àti èyí tí eku jẹ, gbogbo rẹ̀ ni ìwé yín yóò kà sí pé adìyẹ jẹ ẹ́.

Ó ku ilẹ̀. Òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ẹran ń lò lọ́dọ̀ wa ni UBT (unité de bétail tropical), ìyẹn ẹran kan tó wúwo 250 kílò, tó ń jẹ kílò 6.25 koríko gbígbẹ lóòjọ́. Ewúrẹ́ kan jẹ́ 0.1. Ewúrẹ́ 20 jẹ́ 2 UBT, wọ́n ń jẹ kílò 12.5 lóòjọ́, nǹkan bíi 1,875 kílò láàárín oṣù márùn-ún ẹ̀ẹ̀rùn. Ìbéèrè ni pé ṣé koríko yín tó bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ń ba gbòǹgbò jẹ́.

Ẹ kan igi mẹ́rin pọ̀, mítà kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí òjò bá ń lọ, ẹ gbé e sí ibi mẹ́wàá káàkiri pápá; ẹ rìn ní ìlà tààrà, kí ẹ sì máa gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn iye ìṣísẹ̀ kan náà, torí bí ẹ bá ń fi ojú yan ibi, ibi tó tutù yọ̀yọ̀ lẹ ó máa yàn. Ẹ gé gbogbo koríko tó wà nínú rẹ̀, ẹ sá a títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi yí padà lọ́jọ́ méjì tó tẹ̀ léra, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Koríko tútù, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni bá wọ̀n ọ́n ní tútù ń tan ara rẹ̀ jẹ. Gíráàmù 100 nínú mítà kan lójú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin túmọ̀ sí tọ́ọ̀nù kan nínú hẹ́kítà kan. Bí ẹ bá rí 300, tọ́ọ̀nù 3 nìyẹn; ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan ni kí ẹ kà sí ti ẹran, torí ẹsẹ̀ ń tẹ òmíràn mọ́lẹ̀, ìyókù ló ń bo ilẹ̀ kí òjò má wọ́ ọ lọ. Tọ́ọ̀nù 1 ló kù fún jíjẹ, nítorí náà nǹkan bíi hẹ́kítà méjì ni ewúrẹ́ 20 nílò fún ẹ̀ẹ̀rùn. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí a sá gbẹ dáadáa lè dín ìyẹn kù. Tútù rẹ̀ ní májèlé.

Ohun méjì ló ń ba ìṣirò yìí jẹ́: iná igbó àti màlúù ẹlòmíràn. Koríko tó jóná ní oṣù January, ẹ má kà á mọ́. Àwọn ará Ṣábẹ (Savè) mọ èyí ju àwa ti Kétu lọ, torí agbo màlúù ń gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Bí ẹ bá rí igi apá tàbí ọ̀gánwó tí wọ́n ti gé gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ láyìíká yín, ẹ mọ̀ pé koríko ti tán kí ẹ̀ẹ̀rùn tó tán.

Ìgbẹ́ adìyẹ 300 tó kílò 33 ní tútù lóòjọ́, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 12 lọ́dún. Tọ́ọ̀nù 5 sórí hẹ́kítà àgbàdo kan ti tó. Nítorí náà ẹ nílò hẹ́kítà méjì àti ààbọ̀, tàbí ẹni tí yóò rà á. Ẹni tó bá da gbogbo rẹ̀ sórí ilẹ̀ kékeré kan ń sun àgbàdo, ó sì ń dà á sínú kànga. Ẹ jẹ́ kí òkìtì rẹ̀ jìnnà sí kànga ní ó kéré tán mítà 30. Bí òkìtì bá ń ta ní imú tí ojú ń ta yín, ajílẹ̀ ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ: ẹ má da eérú igi sí i, ẹ fi pòròpórò tàbí èérún pákó pò ó, ẹ bò ó. Àwọn Songhaï, ibùdó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tí Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ìgbẹ́ ẹran bọ́ ẹ̀ka mìíràn. Bí ẹ bá ráyè, ẹ lọ wò ó.

Bí àwọn ayánilówó bá béèrè nípa afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná, àjọ IPCC, ìyẹn àjọ àgbáyé lórí ìyípadà ojú ọjọ́, nínú ìlànà wọn ti 2006, ka kílò 5 mẹtéènì, afẹ́fẹ́ tí ẹran ń gùn jáde, sí ewúrẹ́ kan lọ́dún. Ewúrẹ́ tó tó kílò 40 ni wọ́n fi ṣe é, tiwa kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó ga ju òtítọ́ lọ. Ẹ kọ bẹ́ẹ̀ sí i. Ewúrẹ́ 20 jẹ́ kílò 100. Mẹtéènì ń mú ayé gbóná ní ìlọ́po 28 ju kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì lọ, nítorí náà ó dọ́gba pẹ̀lú 2,800 kílò kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì. Bí ẹ bá ta 9 tó wúwo kílò 20, ó jẹ́ nǹkan bíi 15.6 lórí kílò ẹran kan. Bí ikú bá dín láti 5 sí 1 tí ẹ sì ta 13, ó di 10.8. Abẹ́rẹ́ PPR kan náà ló ṣe ìyẹn.

Ẹ tún kọ ọ̀dọ̀ tí owó ti ń wá. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ ní August 2019, tí kò ṣí i títí di December 2020, ẹni tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ wà lódìkejì rí i. Bí ìdajì owó yín bá ti ọwọ́ ẹnì kan tàbí ọjà kan wá, ẹ sọ ọ́ fún àwọn ayánilówó kí wọ́n tó bi yín.

Ní ti ẹlẹ́dẹ̀, èmi ò ní fi san gbèsè yìí. Àrùn ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà wọ Benin ní 1997, kò sì ní oògùn. Bó bá wọlé, ó lè kó gbogbo wọn lọ. Bí ẹ bá ṣì fẹ́, owó tara yín ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nínú ilé tí a tì pa, tí àlejò kì í wọ̀, bàtà ọ̀tọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àjẹkù ilé oúnjẹ tí ó ti hó fún ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó tó dé ọpọ́n wọn.