Ẹ Bi Bàbá Tíṣà: Ṣé àwọn Túrkì ló sọ ìlú Gíríìkì àti Róòmù lórúkọ?

Ìbéèrè: Bàbá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Fóònù ni mò ń tún ṣe ní Ìgbọ̀nà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń lọ ra aṣọ ní Istanbul kó ọ̀rọ̀ kan dé, kò sì jẹ́ ká gbádùn ní ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ó ní àwọn Túrkì ló kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ Gíríìkì àti Róòmù dó, pé èdè Túrkì ni wọ́n fi sọ àwọn ìlú ibẹ̀ lórúkọ kí àwọn òyìnbó tó yí i padà. Ó ní Tróyì, ìlú àtijọ́ tí ìtàn ní àwọn Gíríìkì pa run, Túrkì ni. Ó ní àwọn Etruscan tí Róòmù bá nílẹ̀, Túrkì náà ni. Kódà, ó ní Amazon, “ama uzun” ni, ìyẹn “ó mà gùn o” lédè wọn. Mo ní irọ́ ni, àmọ́ mi ò lẹ́rìí. Ẹ gbà mí. (Atúnfóònùṣe, Ìgbọ̀nà)

Ìdáhùn: Irọ́ ni, ọmọ mi. Àmọ́ irọ́ tó ní ìran ni, kò kàn bọ́ láti ojú ọ̀run, ìdí nìyẹn tí mo fi máa fún un láyè.

Ọjọ́ orí ni kó o kọ́kọ́ bi ọ̀rẹ́ rẹ. Àwọn àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù tí ó gùn dáadáa lédè àwọn Túrkì, ara òkúta ni wọ́n gbẹ́ wọn sí ní àfonífojì odò Orkhon ní Mòǹgólíà. Òkúta ìrántí ọmọ ọba kan tó ń jẹ́ Kül Tigin wà lára wọn. Ọdún 732 ni wọ́n gbé e nàró. Ọ̀mọ̀wé ará Denmark kan, Vilhelm Thomsen, ló tú u ní 1893. Wo bí Mòǹgólíà ṣe jìnnà sí Áténì tó.

Wá lọ sí erékùṣù Kírétè àti sí Pylos ní ilẹ̀ Gíríìkì. Wàláà amọ̀ ni wọ́n hú níbẹ̀. Akọ̀wé ààfin ló máa ń fi igi ṣóńṣó kọ ìṣirò àgùntàn, òróró àti irun àgùntàn sára amọ̀ tútù, kó tó gbẹ. Wọn ò sun ún níná rárá, torí wọn ò ní in lọ́kàn pé kó pẹ́. Iná tó jó ààfin kanlẹ̀ ló sun ún fún wọn, ohun tó ba ilé jẹ́ ló dáàbò bo ìwé. Ayàwòrán ilé kan, Michael Ventris, ló rí ìwé náà tú ní 1952, ó sì bá èdè Gíríìkì nínú rẹ̀. “Ko-no-so” wà níbẹ̀, ìyẹn Knossos. “Pu-ro” wà níbẹ̀, ìyẹn Pylos. Àwọn wàláà yìí ti lé ní 3,200 ọdún. Tí o bá yọ ọjọ́ orí òkúta Kül Tigin kúrò nínú ẹ̀, nǹkan bí 2,000 ọdún ló ṣẹ́ kù. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, ṣé ó lè ní àkísà bí àgbà?

Ọ̀rẹ́ rẹ lè ní, “Ilẹ̀ Túrkì gan-an ńkọ́?” Kò yàtọ̀. Àwọn Hiti inú Bíbélì ló ní olú ìlú wọn ní Hattusa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú tí wọ́n ń pè ní Boğazkale lónìí. Wàláà tiwọn náà sọ̀rọ̀ nípa Adaniya, òun ni Adana òde òní. Wọ́n dárúkọ Wilusa, tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé òun ni Ilion, orúkọ kejì tí Tróyì ń jẹ́. Gbogbo èyí ti wà nílẹ̀ ṣáájú ìbí Krístì pẹ̀lú ọdún tó lé ní ẹgbẹ̀rún. Àwọn Túrkì ò rọ́ wọ agbègbè náà rẹpẹtẹ àfi lẹ́yìn ogun Malazgirt ní 1071, nígbà tí Alp Arslan, ọba wọn, ṣẹ́gun ọba Byzantium, ìyẹn ìjọba Róòmù ti ìlà-oòrùn, tó tún mú un lẹ́rú.

Wọ́n bá orúkọ nílẹ̀, wọ́n sì ń pè é bí ẹnu wọn ṣe gbà á. Íkóníónì, níbi tí wọ́n ti fẹ́ sọ Pọ́ọ̀lù àti Bánábà lókùúta, di Konya. Késárì ló ni Kayseri. Ọba Róòmù tó ń jẹ́ Hadrian ló ni Edirne: Hadrianopolis ni tẹ́lẹ̀. Ọba Attalos ti Págámù ló ni Antalya. Àti Istanbul fúnra rẹ̀! Bí àwọn ará oko wa ṣe máa ń sọ pé àwọn ń lọ sígboro láìdárúkọ Òṣogbo, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Gíríìkì ṣe máa ń sọ “eis tin polin”, sínú ìlú. Àwọn tó gbọ́ ọ ló sọ ọ́ di Istanbul. Àwa náà ń ṣe é: Ẹ̀bá Ọ̀dàn ni Ìbàdàn. Nítorí náà, sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé orúkọ ìlú tó ti ń ra aṣọ, Gíríìkì ni, ó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ibì kan wà tí mo ti máa gbè é díẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ orúkọ ìlú àti òkè ní ilẹ̀ Gíríìkì kì í ṣe Gíríìkì. Wo Kọ́ríńtì, Korinthos lẹ́nu wọn. Wo Knossos, wo òkè Parnassos, wo Halikarnassos tó wà ní òdìkejì òkun. Ìparí wọn jọra, “-nthos” àti “-ssos”, èdè Gíríìkì ò sì lè túmọ̀ wọn. Onímọ̀ èdè kan, Paul Kretschmer, ti kọ̀wé lé èyí lórí ní 1896. Èdè àwọn tó ṣáájú Gíríìkì débẹ̀ ló ṣẹ́ kù sára ilẹ̀. Àwọn kan tọ́ka sí “parna”, ìyẹn ilé, nínú èdè Luwian tí wọ́n ń sọ láyé àtijọ́ níbi tó di ilẹ̀ Túrkì lónìí, gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀ Parnassos. Nígbà tí àwọn tó ni orúkọ ti kú tán, tí kò sí ẹni tó máa jẹ́jọ́, kò ṣòro fún ẹlòmíì láti wọlé kó ní tòun ni.

Ti Etruscan ló dùn jù. Àwọn ará Umbria tó jẹ́ aládùúgbò wọn ń pè wọ́n ní “Tursk-”. Ẹni tó bá ń wá Túrkì lójú méjèèjì, ó ti rí i nìyẹn. Àmọ́ Rasenna làwọn fúnra wọn ń pe ara wọn. Mú èdè wọn, kó o fi wéra. Èéta ni “ci” lọ́dọ̀ wọn. A mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí wàláà wúrà tí wọ́n hú ní Pyrgi ní 1964, tó kọ ọ̀rọ̀ kan náà lédè Etruscan àti lédè àwọn ará Fòníṣíà. Èéta ní Túrkì, “üç” ni. Ọmọkùnrin ní Etruscan, “clan”. Ní Túrkì, “oğul”. Ọmọbìnrin, “sec”, ní Túrkì, “kız”. Ẹ̀yin tẹ ẹ mọ bí a ṣe ń dá ìbátan mọ̀, ṣé ojú àwọn wọ̀nyí jọra? Ní 2021, àwọn onímọ̀ yẹ ohun tó wà nínú egungun àwọn Etruscan wò, wọ́n sì rí i pé ọmọ ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n.

Ta ló wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí? Òyìnbó gan-an wà nínú ẹ̀. Ìwé ìtàn kan tí wọ́n kọ nílẹ̀ Faransé ní nǹkan bí ọdún 660 sọ pé àwọn Faransé àti àwọn Túrkì, ọmọ Tróyì ni wọ́n. Nígbà tó di 1462, Mehmed Kejì, ọba Túrkì tó gba Istanbul ní 1453, lọ wo àwókù Tróyì. Kritoboulos, Gíríìkì tó kọ ìtàn rẹ̀, ní ọba náà sọ pé Ọlọ́run pa òun mọ́ láti gbẹ̀san ìlú yẹn. Òṣèlú ni, ó sì mọ ohun tó ń sọ.

Lẹ́yìn náà la wá dé àwọn ọdún 1930. Ilẹ̀ Túrkì ti pa àjàmí tì ní 1928, wọ́n mú a-b-d. Ní 1932 wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti lé ọ̀rọ̀ Lárúbáwá àti ti Páṣíà jáde nínú èdè wọn, ó sì kù díẹ̀ kí wọ́n má rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́. Ìgbà náà ni ọkùnrin kan láti Vienna, Hermann Kvergić, fi ìwé ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n sì gbé e débi pé ẹni àkọ́kọ́ wo oòrùn, ó ní “Ağ!”, pé ibẹ̀ ni gbogbo èdè ayé ti bẹ̀rẹ̀, Túrkì sì ni. Wọ́n gbé e kalẹ̀ níbi àpérò èdè ní 1936. Ó yá wọn lára, torí bí gbogbo èdè bá ti ara Túrkì wá, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Lárúbáwá náà ti di tiwọn nìyẹn, kò sí ohun tí wọ́n tún ń lé. Nígbà tí Atatürk, ààrẹ wọn tó ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn, kú ní 1938, ọ̀rọ̀ náà bá a lọ. Mi ò fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn tí Yúróòpù ń pè ní àjèjì lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé ni wọ́n. Ṣé àwa tí a ń gbé Lámúrúdu wá láti Mẹ́kà ló máa ju òkò lù wọ́n?

Ìbéèrè: Bàbá Tíṣà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àwọn ìjọ méje inú Ìfihàn ṣì wà, àbí wọ́n ti pa orúkọ wọn rẹ́? (Ìyá Ìjọ, Òkè-Fìà)

Ìdáhùn: Ẹ ǹlẹ́, Mọ́mì. Ilẹ̀ Túrkì òde òní ni méjèèje wà. Símírínà ni İzmir, ìlú ńlá ni títí dòní. Págámù ni Bergama. Sádísì di abúlé kan tó ń jẹ́ Sart. Tíátírà ni wọ́n yí pátápátá: Akhisar, odi funfun. Filadéfíà náà di Alaşehir. Àwọn méjì yìí gan-an ni kí atúnfóònùṣe wa tó wà lókè fi han ọ̀rẹ́ rẹ̀, torí báyìí ni orúkọ ṣe ń rí nígbà tí Túrkì bá fúnra rẹ̀ sọ ìlú lórúkọ. Laodékíà, àwókù ni, lẹ́bàá Denizli.

Éfésù ló ń ṣe mí láàánú. Èbúté ni, ọkọ̀ ojú omi kún ibẹ̀, àmọ́ odò tó ń ṣàn kọjá níbẹ̀ ń kó ẹrẹ̀ wá lọ́dọọdún títí èbúté fi dí. Gbọ̀ngàn ìwòran ńlá tí wọ́n ti ń pariwo “Títóbi ni Dáyánà ti àwọn ará Éfésù!” ṣì wà. Ọ̀nà tó gbòòrò, tí wọ́n fi òkúta mábù tẹ́, tó lọ láti ẹsẹ̀ gbọ̀ngàn náà sí etí omi, òun náà ṣì wà. Ẹ bá ọ̀nà náà lọ dópin, koríko lẹ máa bá. Òkun ti sún jìnnà.

Ìbéèrè: Ọmọ mi tó lọ yunifásítì ní ìtàn oṣó igbó tí wọ́n fi ń sọ bí Òṣogbo ṣe gba orúkọ, ìtàn ọmọdé ni, pé ẹ̀yìn orúkọ ni wọ́n hun ún. Ó dùn mí. Kí lẹ rí sí i? (Aláàdìrẹ, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun)

Ìdáhùn: Ìyá wa, ọmọ yín ò bú yín. Irú ẹ̀ kún ibi gbogbo. Àwọn ará Róòmù ní Romulus ló dá ìlú wọn sílẹ̀ ní 753 ṣáájú ìbí Krístì. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé ara Róòmù ni wọ́n ti fa Romulus yọ. Àwọn ará Byzantion, ìyẹn Istanbul àtijọ́, náà ní Byzas kan wà.

Ti Òṣogbo, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe rí i. Láròóyè àti Tìméhìn, àwọn tó tẹ ìlú dó, gé igi, igi wó sódò, Ọ̀ṣun sì ké pé, “Oṣó igbó, ẹ pẹ̀lẹ́ o, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán.” Ohùn oṣó igbó kò bá ohùn Òṣogbo mu tààrà, ẹ pè é lẹ́ẹ̀mejì, etí yín á gbọ́ ọ. Mi ò ní fi ìyẹn da ìtàn náà nù. Ó kéré tán, èdè àwọn tó ń gbé ìlú ni wọ́n fi túmọ̀ orúkọ ìlú, wọn ò lọ yá ìtumọ̀ ní òkè òkun. Àti pé ìkòkò aró ló wù mí jù nínú ẹ̀. Òrìṣà odò ló ń sọ̀rọ̀, kò sunkún wúrà, kò sunkún ààfin, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń sunkún. Ìlú tó bá ń sọ irú ìtàn yẹn, aró ti ń rẹ aṣọ níbẹ̀ ó ti pẹ́. Ẹ sọ ìyẹn fún ọmọ yín.

Ìbéèrè: Bàbá, mò ń wo fíìmù Túrkì. “Baba” ni wọ́n ń pe bàbá. “O” ni wọ́n ń pe òun, ọkùnrin tàbí obìnrin, bíi “ó” tiwa. “Dünya” ni dúníyà. Ṣé a ò bá wọn tan báyìí? (Akẹ́kọ̀ọ́, Òkè-Báálẹ̀)

Ìdáhùn: Etí rẹ mú. Àmọ́ ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbà wọlé. Bàbá, ọmọ ọwọ́ káàkiri ayé ló ń pè é: ó wà lẹ́nu àwọn Swahili, ó wà lẹ́nu àwọn ará Ṣáínà. “O” àti “ó”, èèṣì ni. Wo “ben” tí wọ́n ń pe èmi àti “sen” tí wọ́n ń pe ìwọ, kó o wá bá mi rí ìbátan níbẹ̀. Dúníyà ní tiẹ̀, Lárúbáwá ni, a jọ yá a ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni wákàtí tiwa àti “vakit” tiwọn. Tó o bá fẹ́ mọ ìbátan, ọ̀rọ̀ omi, ojú, ọwọ́, èjì àti èéta ni kó o bèèrè. Omi lọ́dọ̀ wọn, “su”. Ojú, “göz”. Ọwọ́, “el”. Máa wo fíìmù rẹ.

Lẹ́tà tó bèèrè nípa Ẹdẹ àti Ìlobùú ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ó di oṣù tó ń bọ̀.