Hẹ́ẹ̀dfóònù tí kò ní já ọ kulẹ̀ lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Kútọ̀nú

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní Àjàṣẹ́ ni o ń gbé, Kútọ̀nú ni iṣẹ́ rẹ wà, hẹ́ẹ̀dfóònù mẹ́rin ló sì ti bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ láàárín ọdún 2. O fẹ́ èyí tí yóò pẹ́, tí ìró rẹ̀ yóò sì mọ́ gaara, ṣùgbọ́n owó tí o lè ná kò ju 60,000 sẹ́fà lọ. Ohun tí ojú rẹ rí ni ojú tèmi náà ti rí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbọ́ orin ẹ̀fẹ̀, ìyẹn orin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí a gbà sílẹ̀ ní agbègbè Kétu, kí n sì máa kọ ọ̀rọ̀ inú wọn sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà hẹ́ẹ̀dfóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lórí mi, yálà mo wà nílé tàbí mo wà nínú takisí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń pa wọ́n. Nínú méje tí mo ti rà, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ pé ibi tí ìró ti ń jáde ló kọ́kọ́ bàjẹ́. Wáyà ló pa mẹ́rin, oríkèé tí a fi ń ká a ló pa ọ̀kan, bátìrì ló pa ọ̀kan, èyí tó ṣẹ́kù sì wà lórí mi bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò lè gbàgbé èyí tó dákẹ́ mọ́ mi létí nígbà tí mo ń lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Bohicon ni etí òsì dákẹ́, ó tún dún, ó tún dákẹ́. Mo wá rí i pé bí mo bá fi àtàǹpàkò ti ìdí wáyà náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí mo sì dì í mú bẹ́ẹ̀, ìró yóò padà. Bẹ́ẹ̀ ni mo dì í mú tí a fi kọjá Dassa, tí a sì fi dé Ṣábẹ̀ẹ́. Nígbà tí mo padà délé, mo fi abẹ gé rọ́bà rẹ̀ láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀: wáyà bàbà inú rẹ̀, tó tín-ín-rín bí irun orí, ti já níbi tó ti wọ inú irin tí a ń kì bọ fóònù, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ló máa ń ká sí nígbàkígbà tí fóònù bá wà nínú àpò ṣòkòtò. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní ìtòsí wa fi òjé jó o pọ̀ fún mi, kò sì lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tó tún já.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wò kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́, kì í sì í ṣe ẹwà, bí kò ṣe bóyá a lè yọ wáyà náà kúrò lára hẹ́ẹ̀dfóònù kí a sì fi òmíràn sí i. Bí wáyà bá já lára èyí tí kò ṣeé yọ, gbogbo rẹ̀ ló kú. Bí ó bá já lára èyí tó ṣeé yọ, wáyà nìkan ni o máa rà. Èyí tí mo ń lò báyìí ni Audio-Technica ATH-M40x, tó jáde ní ọdún 2014. Àlòkù ni mo rà á, mo sì ti pààrọ̀ wáyà rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ní àléébù kan tí àwọn òǹtajà kì í sọ: ẹnu wáyà tó wọ inú hẹ́ẹ̀dfóònù yẹn kéré ju èyí tó wọ inú fóònù lọ, a sì máa ń yí i kí ó tó dúró, nítorí náà kì í ṣe wáyà èyíkéyìí tí o bá rí lọ́jà ni yóò wọ̀ ọ́. Ra wáyà kejì pa mọ́ ní ọjọ́ tí o bá rà á, má dúró di ọjọ́ tí yóò já. Sennheiser HD 25, tó ti wà láti ọdún 1988, tún le ju ìyẹn lọ, nítorí pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi kan lára rẹ̀ tí a kò lè rà lọ́tọ̀, ó sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n orí etí ló máa ń jókòó lé, ó sì máa ń fún etí mi pinpin lẹ́yìn wákàtí kan. Ẹlòmíràn lè máà kà á sí.

Tìmùtìmù etí ni èkejì. Awọ ayédèrú ni wọ́n fi ń bo púpọ̀ nínú wọn, òógùn àti ooru wa sì máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi máa bó. Ọjọ́ kan ni ẹni tó jókòó tì mí nínú takisí sọ fún mi pé èèpo dúdú kún etí mi, bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú àpò èédú. Èyí kì í ṣe ìdí tí a fi ń ju hẹ́ẹ̀dfóònù nù. Rí i pé tìmùtìmù rẹ̀ ṣeé yọ, kí o sì fi òmíràn sí i. Èyí tí wọ́n fi aṣọ onírun bò kì í mú ooru bí awọ, ṣùgbọ́n ìró máa ń gba inú rẹ̀ jò, báàsì rẹ̀, ìyẹn ìró tó rinlẹ̀, á sì dínkù.

Ọ̀rọ̀ ariwo ló wá tóbi jù. Mo ní Koss Porta Pro kan rí, irú èyí tó ti wà láti ọdún 1984, ìró rẹ̀ sì dùn mọ́ mi nílé ju ti àwọn tó wọ́n ju ú lọ. Ṣùgbọ́n kò bo etí. Fóòmù lásán ló fi kàn án. Nínú takisí ẹlẹ́ni mẹ́fà tó ń sáré lọ sí Kútọ̀nú, tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé tì, ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń mú ìró rẹ̀ lọ sókè kí ó lè borí ariwo, tí mo bá sì sọ̀ kalẹ̀, etí mi á máa hó. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí àgbàlagbà má gbọ́ ìró tó tó dẹ̀síbẹ̀lì (òṣùwọ̀n bí ìró ṣe lágbára tó) 80 ju wákàtí 40 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àti pé bí ìró bá fi dẹ̀síbẹ̀lì 3 pọ̀ sí i, àkókò náà gbọ́dọ̀ dínkù sí ìdajì. Ṣírò rẹ̀ wò: ní 89, wákàtí 5 péré ni ó kù fún gbogbo ọ̀sẹ̀, ìrìn àjò lọ-bọ̀ ọjọ́ mélòó kan sì ti lè jẹ ẹ́ tán. Èyí tó bo etí pátápátá tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì dí ni kí o rà, nítorí pé ariwo tí kò bá wọlé kò ní mú kí o gbé ìró sókè.

O tún béèrè nípa àwọn tó ń fi bátìrì pa ariwo. Òótọ́ ni pé wọ́n ń ṣiṣẹ́: gbohùngbohùn kékeré inú wọn á gbọ́ ariwo tó ń bọ̀, ẹ̀rọ inú wọn á sì gbé ìró tó lòdì sí i jáde kí méjèèjì lè pa ara wọn. Amar Bose, olùkọ́ ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ni èrò irú rẹ̀ wá sí lọ́kàn nínú bàálù ní ọdún 1978, ariwo bàálù sì jẹ́ ariwo tó ń hó lọ́nà kan náà láìdáwọ́ dúró. Irú ariwo bẹ́ẹ̀ ni wọ́n mọ̀ ọ́n pa. Nínú bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn, ìró ẹ́ńjìnnì á rọlẹ̀ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n fèrè ọkọ̀ àti ìyàwó tó ń bá ọkọ rẹ̀ jà lórí fóònù ní ìjókòó ẹ̀yìn kò ní kúrò. Bátìrì inú wọn kì í sì í fẹ́ ooru. Èyí tí mo ní, mo máa ń gbé e sí iwájú dígí ọkọ̀ nínú oòrùn, kò sì pé ọdún 2 tí kò fi lè gbé wákàtí kan mọ́. Bí o bá fẹ́ irú rẹ̀ dandan, béèrè bóyá ó lè fi wáyà ṣiṣẹ́ nígbà tí bátìrì bá kú. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú owó tí o dárúkọ, oníwáyà ni mo fara mọ́ fún ọ.

Ní ti ìró fúnra rẹ̀, má fi orin tí òǹtajà bá ti gbé sórí fóònù rẹ̀ dán an wò, nítorí pé èyí tí báàsì rẹ̀ ń mi ilẹ̀ ni yóò yàn. Fi ohùn tí o mọ̀ dáadáa dán an wò, pàápàá ohùn ọkùnrin tó ń fi Yorùbá kọrin pẹ̀lú ìlù. Èdè wa kò gba ẹ̀tàn lórí èyí. Hẹ́ẹ̀dfóònù kan tí báàsì rẹ̀ wú jù mú kí n kọ «ìlú» sílẹ̀ níbi tí eléfẹ̀ ti wí «ìlù», nígbà tí mo sì kà á fún bàbá kan ní Kétu, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di inú mú. Bí o bá ní láti ronú kí o tó mọ̀ bóyá ohùn òkè ni àbí ohùn ìsàlẹ̀, gbé e sílẹ̀. Wo nọ́ńbà ohm rẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ó ṣe ń dènà iná mànàmáná tó ń gba inú rẹ̀: láti 16 dé bíi 60 dára fún fóònù, ṣùgbọ́n àwọn tó jẹ́ 250, iṣẹ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ ni wọ́n wà fún, ìró wọn kò sì ní tó lórí fóònù rẹ.

Bí o bá lọ sí ọjà Ouando tàbí Dantokpa, mú fóònù tìrẹ dání. Bí o bá sì béèrè casque lásán, bí wọ́n ṣe ń pe hẹ́ẹ̀dfóònù ní Faransé, akoto alùpùpù ni wọ́n lè nà sí ọ, bí ó ti ṣe mí rí. Ti wáyà hẹ́ẹ̀dfóònù náà bọ inú fóònù rẹ, jẹ́ kí orin máa lọ, kí o wá máa yí ìdí wáyà náà díẹ̀díẹ̀. Bí ìró bá já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, dá a padà. Ká oríkèé rẹ̀ kí o sì tú u bí ìgbà mẹ́wàá. Òǹtajà tó bá ní kí o má dán an wò, kí o kí i pé ó dàbọ̀. Nígbà tí o bá wà lórí zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà, fi hẹ́ẹ̀dfóònù kọ́ ọrùn, torí o nílò etí rẹ níbẹ̀. Bí o bá sì délé, má wé wáyà náà mọ́ ara fóònù. Ká a ní róbótó tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, kí o sì yọ ọ́ kúrò lára fóònù kí o tó ti fóònù bọ àpò.