Ta ni Joan ti Kent, báwo ló sì ṣe bá ìdílé ọba tan?

Joan ti Kent ni ìyá Richard Kejì, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ-ọmọ ọba Edward Kìíní.

Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n bẹ́ bàbá rẹ̀, Edmund, lórí ní Winchester ní 1330. Wọ́n mú un dúró títí di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó rí ẹlẹ́wọ̀n kan tó gbà láti bẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀ ló lọ́jú pọ̀. Ní nǹkan bí 1340, ọmọ ọdún bíi 12 péré, ó fẹ́ Thomas Holland ní bòńkẹ́lẹ́. Thomas lọ sójú ogun, ni ẹbí bá fà á fún William Montagu. Ní 1349, Póòpù dájọ́ pé Thomas ló ni ìyàwó, Joan sì bímọ fún un.

Thomas kú ní 1360. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Joan fẹ́ Edward, àrólé ọba Edward Kẹta. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Joan ni ọba yìí, nítorí náà wọ́n ní láti gbàyè lọ́wọ́ Póòpù. Ọdún 1367 ni wọ́n bí Richard.

Joan kú ní 1385. Ó ti ní kí wọ́n sin òun sí ẹ̀gbẹ́ Thomas ní Stamford, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ọmọ ọba ní Canterbury.