Ó ń tún ọ̀rọ̀ mi sọ fún mi: ṣé ìtọ́jú nìyẹn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ti lọ rí agbaninímọ̀ràn nítorí pé iṣẹ́ sú mi, inú mi kì í sì í dùn. Kò sọ ohun tí màá ṣe. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á tún un sọ fún mi. Ó ní ọ̀nà humanistic lòun ń lò, ìyẹn èyí tó gbà pé ènìyàn fúnra rẹ̀ lágbára láti rí ojútùú. Àbí mò ń fi owó ṣòfò ni?

Ìdáhùn: Orúkọ tí a ń pe iṣẹ́ náà ló kọ́kọ́ ṣì yín lọ́nà. Agbaninímọ̀ràn la ń pè é, bẹ́ẹ̀ Carl Rogers, ará Amẹ́ríkà tó dá irú ìtọ́jú yìí sílẹ̀, kò fẹ́ kó máa gbani nímọ̀ràn rárá. Ó gbà pé ẹni tó ni ìṣòro ló mọ ibi tó ti ń dun òun. Lọ́dún 1957, ó ka ohun mẹ́fà tó ní ó gbọ́dọ̀ wà kí ènìyàn tó lè yí padà. Mẹ́ta nínú wọn wà lọ́rùn ẹni tó jókòó tì yín: kó má ṣe ojú ayé, kó má dá yín lẹ́jọ́, kó sì fi ara rẹ̀ sí ipò yín.

Àtúnsọ yàtọ̀ sí àtúnsọ o. Ká ní ẹ sọ pé, "Ọ̀gá mi kì í tilẹ̀ wojú mi." Ayékòótọ́ á ní, "Ọ̀gá yín kì í wojú yín." Ẹni tó mọṣẹ́ á ní, "Ó jọ pé ẹ̀ ń ṣe gbogbo làálàá yẹn, kò sì sẹ́ni tó rí i." Ẹ lè fèsì pé, "Rárá, ìtìjú ló ń ṣe mí." Ó ṣì í sọ lóòótọ́, àmọ́ "rárá" yẹn lérè, torí ẹ̀yin fúnra yín lẹ wá ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ohun tí mo fẹ́ràn lára Rogers ni pé ó jẹ́ kí wọ́n wọn iṣẹ́ òun wò. Ó gba ohùn ìjókòó sílẹ̀ nígbà tí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Wọ́n tún ń kó 100 káàdì fún aláìsàn, gbólóhùn kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó tò wọ́n bí òun ṣe rí, kó tún wọn tò bó ṣe wù ú kóun rí. Lẹ́yìn ìtọ́jú, àlàfo àárín méjèèjì a máa dín kù.

Àmọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ náà ló tú àṣírí kan. Lọ́dún 1966, Charles Truax, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, yẹ díẹ̀ wò, ó sì rí i pé ohùn Rogers máa ń móoru sí irú ọ̀rọ̀ kan ju òmíràn lọ, aláìsàn a sì máa sọ irú èyí tó móoru sí sí i. Aláìdarí náà ń darí láìmọ̀.

Tó bá jẹ́ ìbẹ̀rùbojo tó ń dé lójijì, tàbí ọwọ́ fífọ̀ tí kò tán, gbígbọ́ nìkan kò tó. Ìtọ́jú tó ń mú yín dojú kọ ohun tí ẹ̀ ń bẹ̀rù díẹ̀díẹ̀ ló yẹ. Bí èrò àtipa ara ẹni bá wọlé, ẹ má dúró de ìjókòó tó kàn, ilé ìwòsàn ni. Fún iṣẹ́ tó sú yín, ẹ bi í pé, "Kí la fẹ́ kó yàtọ̀?" Bó bá bínú sí ìbéèrè yẹn, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni Abraham Maslow, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, sọ pé ẹni tí ebi ń pa kò lè ronú iyì?

Ìdáhùn: Kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1943, níbi tó ti to ohun tí ènìyàn nílò ní ìpele-ìpele, kò sí àwòrán pírámíìdì tí a máa ń fi ṣàlàyé rẹ̀. Ó ní ènìyàn lè rí ìdá 85 nínú 100 ohun tí ara nílò, 70 ààbò, 50 ìfẹ́, 40 iyì, àti 10 péré ní ìpele òkè, ìyẹn kí ènìyàn di gbogbo ohun tó lè dà, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àpẹẹrẹ lásán ló fi àwọn iye náà ṣe. Òkè yẹn ló mẹ́hẹ: òun fúnra rẹ̀ ló ṣa àwọn tó kà sí ẹni tó débẹ̀, Abraham Lincoln wà lára wọn, ó wá fi ìwà wọn ṣe òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá ṣa ẹlòmíràn á rí ìwà mìíràn.